Fíìmù Kì í Ṣe Tíṣà: Saworoidẹ Nínú Kíláàsì Àwọn Ọmọ Wa

Lọ́dọọdún ni a máa ń ka ọ̀rọ̀ lórí èdè àti àṣà nínú ìwé ìrántí yìí, tí a ó sì máa dá àwọn ọmọ lẹ́bi pé wọn kò gbọ́ Yorùbá mọ́. Lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí a fi àwọn ọmọ sílẹ̀ ná. Ohun tí a fi ń kọ́ wọn ni a fẹ́ yẹ̀ wò, pàápàá fíìmù, nítorí òun ló ti gba ipò ìwé àti ipò ìyá àgbà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ó sì ti wọ inú kíláàsì ọjọ́ Sátidé tí ẹgbẹ́ ń ṣe fún àwọn ọmọ.

Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ọmọ tí a bí sí Kakuri tàbí Barnawa, tí kò dé ìlú bàbá rẹ̀ rí àfi ìgbà tí wọ́n ń sìnkú, níbo ni yóò ti rí bí ìjòyè ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún ọba? Níbo ni yóò ti gbọ́ ìyáàlù tó ń pe ènìyàn lórúkọ? Bàbá ti jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá wà ní ṣọ́ọ̀bù títí di alẹ́. Haúsá ni àwọn ọ̀rẹ́ àdúgbò ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ti ilé ìwé. Èyí tó ṣẹ́ kù fún Yorùbá kò ju wákàtí díẹ̀ lọ lóòjọ́, fíìmù ló sì ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí a má lo fíìmù kò mọ bí ilé wa ṣe rí.

Kí a má sì retí pé ìjọba ni yóò bá wa ṣe é. Láti ọdún 1977 tí ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ti kọ́kọ́ jáde ni wọ́n ti ń sọ pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ kékeré. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: "tàbí èdè àdúgbò." Ní Kàdúná, èdè àdúgbò kì í ṣe Yorùbá. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tún fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn kan nínú wa pàtẹ́wọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Yálà wọ́n fi sílẹ̀ ni o, yálà wọ́n fagi lé e ni o, ọmọ Ọ̀fà tó wà ní Sabon Tasha kò ní tìtorí rẹ̀ gbọ́ Yorùbá ní ilé ìwé. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970 pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún odidi ọdún mẹ́fà lè mọ̀wé dáadáa, kódà kí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n Ilé-Ifẹ̀ nìyẹn. Tiwa níhìn-ín, ọjọ́ Sátidé ni, wákàtí méjì, pẹ̀lú àga oníke àti àwọn àgùnbánirọ̀ tí ọdún kan péré ni wọn yóò lò pẹ̀lú wa.

Ohun tó wá ń dùn wá ni bí a ṣe ń lo fíìmù ní wákàtí méjì yẹn. Tíṣà yóò tan án láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ yóò máa jẹ bisikíìtì, wọn yóò wò ó dé òpin. Tíṣà yóò wá béèrè pé kí ni ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́. Àwọn ọmọ yóò dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì pé ìwà ìbàjẹ́ kò dára. Wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún ara wọn, ó di ilé. Ṣé nítorí kí ọmọ lè mọ̀ pé olè jíjà kò dára ni a ṣe gbé e wá sí kíláàsì Yorùbá? Wọ́n ti sọ ìyẹn fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì sọ ọ́ ní èdè tó gbọ́ dáadáa.

Àwọn òyìnbó pàápàá kò lo fíìmù báyìí nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso wa. Ní ọdún 1939 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tó ń ṣe fíìmù fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn, wọ́n sì ń fi mọ́tò gbé sinimá lọ sí ìletò láti kọ́ àwọn ènìyàn nípa ìmọ́tótó, oko ṣíṣe àti àìsàn. A kì í ṣe olólùfẹ́ ohun tí wọ́n ń bá kiri, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló dà bí ẹni tó ń kọ́ àgbàlagbà ní bí wọ́n ṣe ń fọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n mọ̀: wọn kì í fi fíìmù nìkan sílẹ̀. Ẹnì kan máa ń dúró ti mọ́tò náà pẹ̀lú gbohùngbohùn, tí yóò máa fi èdè ìlú ṣàlàyé ohun tí àwọn ènìyàn ń wò. Ẹni yẹn ni tíṣà. Àwa ti ra tẹlifíṣọ̀n tó tóbi, a sì ti lé ẹni tó ń ṣàlàyé lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú fíìmù kan ṣoṣo, kí ọ̀rọ̀ wa má baà rí wúruwùru. Saworoidẹ ni a mú, nítorí òun ni kíláàsì wa máa ń wò jù, a kò sì rí èyí tó dára tó o fún iṣẹ́ yìí. Túndé Kèlání ló darí rẹ̀, iléeṣẹ́ Mainframe ló gbé e jáde ní ọdún 1999. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó kú ní oṣù kejì ọdún 2018, ló kọ ìtàn náà. Ìlú Jogbo ni ìtàn ti ṣẹlẹ̀. Májẹ̀mú àtijọ́ kan wà láàárín ọba àti ará ìlú: adé idẹ àti ìlù saworoidẹ ló so wọ́n pọ̀, gbẹ́rẹ́ tí wọ́n ń sín fún ọba ló sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọba tó bá dé adé náà láìsín gbẹ́rẹ́ wà nínú ewu bí wọ́n bá lu ìlù yẹn létí rẹ̀. Lápité, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, fẹ́ jẹ ọba ṣùgbọ́n kò fẹ́ májẹ̀mú. Ó fẹ́ lówó. Àwọn agégẹdú ń fún un ní owó, wọ́n ń ba oko olóko jẹ́, àwọn ọ̀dọ́ bá dìde. Nígbà tí wàhálà pọ̀, ó ké sí ṣójà. Ṣójà náà, Lágatà, pa á, ó sì fi ara rẹ̀ jọba. Ẹ̀yin tí ẹ ti wò ó mọ bí ìlù ṣe parí ọ̀rọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí a fẹ́ kí tíṣà ṣe kí ó tó tan fíìmù yìí ni kí ó wá páálí kan, kí ó fi bo ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán ló ń jí ẹ̀kọ́ náà gbé. A jókòó sẹ́yìn kíláàsì ní ọjọ́ kan, a sì ṣe àkíyèsí ohun kan tó yà wá lẹ́nu: àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín kí òṣèré tó sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ti ka Gẹ̀ẹ́sì dé ìparí nígbà tí Yorùbá ṣì wà ní ìdajì lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́. Ojú wọn wà nísàlẹ̀, etí wọn ti dí. Wọ́n wo fíìmù Yorùbá fún wákàtí kan àti ààbọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kà. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sọ pé "ọmọ mi máa ń wo fíìmù Yorùbá dáadáa," ẹ lọ wo ibi tí ojú rẹ̀ wà.

Nígbà tí wọ́n bo ìsàlẹ̀ náà, ariwo sọ. Ọmọ kan ní òun kò ní wá mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di Sátidé kẹta, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìbéèrè kan káàkiri ilé: "Kí ló sọ?" Ọ̀kan bi èkejì rẹ̀, èkejì bi tíṣà. Ìbéèrè yẹn ni gbogbo owó tí ẹgbẹ́ ná sórí kíláàsì yìí ń wá.

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì yẹn ń gbé pamọ́ pọ̀. Ẹ mú "o" àti "ẹ" nìkan. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún méjèèjì. Haúsá tí àwọn ọmọ wa gbọ́ jù lọ ní ọ̀nà tirẹ̀: ó ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin nígbà tí wọ́n bá ń bá ènìyàn kan sọ̀rọ̀, "kai" fún ọkùnrin, "ke" fún obìnrin. Yorùbá kò bìkítà bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ó fẹ́ mọ ẹni tó jù ọ́ lọ. Ọmọ tó dàgbà sáàárín èdè méjì tí kò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ṣàdédé mọ̀ ọ́n. Nínú fíìmù tí ààfin pọ̀ nínú rẹ̀ bí èyí, "ẹ" àti "o" ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ ẹni tó ń bẹ̀rù, ẹni tó ń fojú dini, àti ẹni tó ń ṣe bí ẹni bọ̀wọ̀. Kí tíṣà dá fíìmù dúró, kí ó béèrè pé: ta ló pe ta ní "ẹ"? Kí ló dé tí ẹni yìí pe ìyẹn ní "o"? Ìṣẹ́jú márùn-ún bẹ́ẹ̀ sàn ju kí a wo odidi fíìmù lẹ́ẹ̀mejì lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkíni. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ kú ìjókòó," kò ní "ẹ kú àtijọ́," kò ní "ẹ kú àfẹ́kù." Ohun tó bá kọ sísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ọmọ tó ń kà á yóò rò pé ìkíni kan náà ni wọ́n ń kí lọ kí bọ̀.

Ìlù ni ó wá ga jù. Kò sí ẹni tó lè kọ ìlù sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Fíìmù tí ìlù jẹ́ olórí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ nìyí, bẹ́ẹ̀ ìlù ni a máa ń fò nínú kíláàsì, tí a ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nígbà tó ń dún. Ohùn Yorùbá mẹ́ta ni: ìsàlẹ̀, àárín, òkè, èyí tí àwọn tíṣà ìgbà tiwa fi "dò, re, mí" kọ́ wa. Haúsá náà ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ohùn àárín bíi tiwa. Ohùn àárín yìí gan-an ló ń sọnù lẹ́nu àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín. Ọmọbìnrin kan sọ fún wa pé ọkọ̀ àǹtí òun ti dé. A ń wo ẹnu ọ̀nà fún mọ́tò, ọkùnrin ló wọlé. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́. Kí tíṣà dá fíìmù dúró níbi tí ìyáàlù bá ti sọ̀rọ̀, kí àwọn ọmọ di ojú, kí wọ́n fi ẹnu kùn ún bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ohùn kan náà pe igba tí à ń kà, igbá tí à ń bu omi, ìgbà tó ń lọ, ìgbá tí à ń jẹ, àti igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Ọmọ tó bá ti fi ẹnu lu márùn-ún yìí bí ìlù, bí a bá kọ àmì ohùn sórí pátákó fún un, kò ní wò ó bí ẹni rí kòkòrò mọ́.

Orúkọ tún wà níbẹ̀. Onílù inú ìtàn náà ń jẹ́ Àyàngalú, orúkọ tí àwọn onílù kà sí ti babańlá wọn. Nínú kíláàsì wa, ọmọ kan wà tí orúkọ bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ìdílé onílù ni wọ́n. Ẹ ò rí i pé ẹ̀kọ́ ti wà nílẹ̀? Àyàn fún onílù, Ọ̀jẹ̀ fún eléégún, Ọdẹ fún ọdẹ, Ọnà fún oníṣẹ́ ọnà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bi bàbá rẹ̀ léèrè lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́ méjì inú fíìmù náà, Arẹ́sẹ̀jabàtà tí Kúnlé Afọláyan ṣe àti Arápáregángan tí Kábírátù Káfídípẹ̀ ṣe, ẹsẹ̀ àti bàtà wà nínú orúkọ ti àkọ́kọ́, apá àti gángan wà nínú ti èkejì. Kí tíṣà dìde kí ó jó bàtà àti gángan fún wọn, wọn yóò rí i pé ẹsẹ̀ ni ọ̀kan ń bá ṣiṣẹ́, apá àti èjìká ni èkejì. Bí tíṣà kò bá mọ ijó, àwọn ìyá ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Ìlú Jogbo náà, ta ni kò mọ̀ pé nǹkan máa ń korò bíi jogbo? Àwọn ọmọ ni wọn kò mọ̀. Ìsàlẹ̀ àwòrán kò sì sọ fún wọn.

Bàbá Ọ̀pálábà la fi ń parí rẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ògidì Yorùbá inú fíìmù yìí. Olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí ló ṣe é, akéwì àti òǹkọ̀wé tó ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV Ìbàdàn. Ó kú ní oṣù keje ọdún 2017. Òwe ló fi ń sọ̀rọ̀ ṣáá. Àwọn ọmọ máa ń rò pé orí bàbá náà kò pé. A kò dá wọn lẹ́bi, torí bí òwe ṣe ń rí nìyẹn nígbà tí a bá tú u sí Gẹ̀ẹ́sì lójú ẹsẹ̀: ọ̀rọ̀ ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí wọ́n yọ ìran méjì tàbí mẹ́ta tí bàbá yìí wà, kí wọ́n fi odidi Sátidé kan ṣe é, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba òwe kan lọ sílé, kí ó wá sọ ibi tí òun ti lò ó ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá lò ó sí ibi tí kò yẹ, ẹ má ṣe nà án. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀ ọ́n.

A kò sọ pé fíìmù náà kò ní àléébù. Ó ní. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣòro fún ọmọ ọdún mẹ́wàá, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ pọ̀, ìgbà àtijọ́ àti ìgbà tuntun ń bọ́ sínú ara wọn, ọmọ á sì ti máa béèrè ta ni ta. Òye ìṣèlú inú rẹ̀ náà ti jìnnà sí wọn. Àwa tí a wo Saworoidẹ ní ọdún 1999, ọdún tí ṣójà gbé ìjọba fún alágbádá ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé Lágatà fún wa. Iṣẹ́ ìjọba ni àwọn kan nínú wa ń ṣe nígbà yẹn, a mọ bí ó ṣe ń rí nígbà tí orin ológun bá ń kọ lórí rédíò láàárọ̀. Ọmọ tí a bí ní ọdún 2014 rí i bí ìtàn àlọ́ lásán. Bí tíṣà kò bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ fún un nípa ìjọba ológun, ìdajì fíìmù náà ti ṣòfò. Ó tún ku èyí tí fíìmù kankan kò lè bá wa ṣe: ẹ̀ka èdè. Yorùbá Ọ̀yọ́ àti ti inú ìwé ló kún inú rẹ̀. Ọmọ Ìgbómìnà, ọmọ Okun àti ọmọ Èkìtì tó wà nínú kíláàsì kan náà yóò ní ìyá àgbà òun kò sọ ọ́ báyìí. Òótọ́ ló sọ. Kí ó gbé fóònù, kí ó pe ìyá àgbà.

Àwọn fíìmù mìíràn ńkọ́? Fún àwọn tó ti wà ní girama àgbà, Ó Le Kú ni a yàn. Akínwùmí Ìṣọ̀lá náà ló kọ ìwé rẹ̀, tó jáde ní ọdún 1974, Kèlání sì ṣe fíìmù rẹ̀ ní ọdún 1997. Ìfẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ni. Àwọn ìyá wa kò ní gbàgbé, torí òun ló dá ìró kékeré àti bùbá ọlọ́wọ́ gbọọrọ padà, tí gbogbo òde aríyá kún fún òlékú. Èrè rẹ̀ fún kíláàsì ni pé ìwé wà, fíìmù wà. Kí wọ́n ka ojú ìwé mẹ́ta, kí wọ́n wo ìran kan náà, kí wọ́n sọ ohun tí Kèlání yọ àti ohun tó fi kún un. Ọmọ tó ń ṣe ìyẹn ń kàwé Yorùbá láìmọ̀ pé òun ń kà á.

Thunderbolt: Mágùn, ti ọdún 2001, ni àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ń fẹ́, nítorí ọkọ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ìyàwó rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, ibi iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni wọ́n sì ti pàdé. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn jẹ́ Ìgbò tàbí Haúsá tàbí Idoma wà nínú kíláàsì wa, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àgbèrè àti mágùn sì ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Àwọn òbí ni kí ó wò ó, kí wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ lórí ìfura láàárín tọkọtaya. Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan, tó jáde ní ọdún 2022, aṣọ rẹ̀ dára, ìtàn Sàró ahunṣọ àti ẹyẹ àkàlà dùn ún gbọ́. Ìhòòhò àti yàrá tó wà nínú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó yẹ ọmọdé. A ti gbọ́ pé àwọn òbí kan ń wò ó pẹ̀lú ọmọ ọdún méje nítorí pé "Yorùbá ni." Àmì ọjọ́ orí tí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò ń fi síwájú fíìmù, ẹ máa kà á.

House of Ga'a, ti ọdún 2024, ni a fẹ́ kìlọ̀ lé lórí jù, torí àwọn ọmọ gbà pé ìtàn ìran wa ni wọ́n ń wò. Baṣọ̀run Gáà gbé ayé lóòótọ́. Ọba mẹ́rin ló ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá kí Aláàfin Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1774: Lábísí, Awọ́nbíojú, Agbólúajé àti Májẹ̀ógbé, gẹ́gẹ́ bí Àlùfáà Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1921. Kí tíṣà kọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí pátákó kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn ọmọ máa ṣọ́ èyí tí fíìmù mú, èyí tó fò, àti ohun tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Olóòtú fíìmù ní ẹ̀tọ́ láti fi iyọ̀ sí ọbẹ̀. Tíṣà kò gbọdọ̀ pe iyọ̀ ní ẹran.

Àwọn pásítọ̀ àti àwọn àáfà wa nínú ẹgbẹ́ ní ẹ̀hónú, a kò sì fẹ́ fò ó. Wọ́n ní fíìmù Yorùbá kún fún oògùn, àjẹ́ àti ẹbọ, pé àwọn ọmọ yóò rò pé ohun tó wà nílé nìyẹn. Apá kan òótọ́ ni. Ọmọ kan ní ilé kan bẹ̀rù láti bá bàbá rẹ̀ lọ sílé ní ọdún iléyá, ó ní wọ́n á ṣe òun lóògùn. Bí ọmọ bá ti kọ́ láti bẹ̀rù ìlú bàbá rẹ̀ nínú fíìmù tí bàbá náà fi owó rẹ̀ rà, a ti fi owó ra ìpínyà. Èyí ni a ṣe ń sọ pé kí a yan fíìmù díẹ̀, kí a mọ̀ wọ́n dáadáa, kí a má sì fi gbogbo ohun tó bá ti jáde lórí ẹ̀rọ tẹ́ wọn lọ́rùn. Saworoidẹ náà ní gbẹ́rẹ́ àti májẹ̀mú nínú, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń béèrè ni bóyá ẹni tó gba agbára gbọdọ̀ búra kí ó sì dúró lórí ìbúra. Kò sí ẹ̀sìn tó kórìíra ìbéèrè yẹn.

Nípa ti iná, gbogbo wa mọ bí ó ṣe ń rí. Ẹ má ṣe ra tẹlifíṣọ̀n mìíràn kí ẹ tó ra epo fún jẹnẹrétọ̀, àbí kí ẹ rà á tán kí a máa wo dúdú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá fíìmù tó fún Sátidé kan; èyí tó kù, kí àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Bí iná bá lọ, ẹ̀kọ́ kò lọ, torí ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọn yóò máa fi ẹnu wọn ṣe. Àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń bọ̀ ní ọdún tó ń bọ̀, kí ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ jókòó tì wọ́n ní Sátidé méjì àkọ́kọ́, kí ẹ fún wọn ní páálí àti àkọsílẹ̀ ibi tí wọn yóò ti dá fíìmù dúró.

Agogo Èèwọ̀, tó tẹ̀ lé Saworoidẹ ní ọdún 2002, ni a bá fẹ́ kí kíláàsì bọ́ sí lẹ́yìn Àjíǹde. Kò lágbára tó ti àkọ́kọ́ lójú tiwa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju orin rẹ̀ lọ, ó sì ń sọ ohun tí ó yẹ kí ó fi hàn. Ṣùgbọ́n ibi tí Ọba Adébọ̀sípò ti pe àwọn ìjòyè láti wá búra, tí agogo ń dún, ìran kan ṣoṣo yẹn, ẹ bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ fún yín ẹni tí ẹ̀rù ń bà nínú àwọn ìjòyè náà, àti ọ̀rọ̀ wo lẹ́nu rẹ̀ ló tú u fó.